Ọ̀sán Tí A Kì Í Pani Lẹ́nu Mọ́

1

…bí ẹnikẹ́ni bá sì dìde láàárín eré, ẹ má sáré lọ bá a. Ẹ jẹ́ kó dìde. Bó bá fẹ́ rìn, ẹ jẹ́ kó rìn. Bó bá rẹ́rìn-ín níbi tí kò pa ẹ̀yin lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tiẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń sunkún, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: mi ò fẹ́ rí ẹni tó máa fi ìka kan ètè ṣe "ṣíì" fún ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí ni olórí àwọn agbàlejò gbọ̀ngàn eré náà. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń tì í. Òun ló ń kí ẹni tó ń bọ̀, òun náà ló ń sọ pé ó dàbọ̀ fún ẹni tó ń lọ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà ni gbogbo wọn ń pè é.

Àwọn agbàlejò ń wo ara wọn.

"Àǹtí," ọ̀kan nínú wọn ní, "ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní ṣíì yẹn?"

"Èmi ni. Mo ti gbà á padà."

2

Ìkéde tó wà lára ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti kun gbọ̀ngàn náà:

> ẸNI TÓ BÁ PẸ́ DÉ KÒ NÍ WỌLÉ.
> Ẹ PA FÓÒNÙ.
> Ẹ PA ẸNU MỌ́.
> Ẹ MÁ DÌDE TÍTÍ ERÉ YÓÒ FI PARÍ.

Ọ̀bẹ ni Àǹtí fi họ ọ́ kúrò. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó mọ́ ògiri bí ìwà ṣe ń gbó mọ́ àgbàlagbà lára.

Ìkéde tó lẹ̀ dípò rẹ̀:

> Ọ̀SÁN ÌTURA
> Eré kan náà. Àwọn òṣèré kan náà.
> A ò ní pa gbogbo iná.
> A máa dín ariwo kù.
> Ẹ lè wọlé, ẹ lè jáde, ẹ tún lè padà wọlé.
> Ẹni tí ara ẹ̀ ò lélẹ̀, kó máa bọ̀.
> Ẹni tí ẹnu ẹ̀ ò gbọ́ tiẹ̀, kó máa bọ̀.
> Ẹ̀yin lẹ nilé.

3

Kí ló fà á? Ẹ̀gbọ́n ló fà á.

Ẹ̀gbọ́n Àǹtí ọkùnrin, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, ni ẹni tí gbogbo ìlú mọ ohùn rẹ̀ tí wọn ò mọ ojú rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù ni lórí rédíò. Ẹnu Kò Sinmi làwọn olùgbọ́ sọ ọ́. Bó bá ń sọ bọ́ọ̀lù, ẹni tó wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé á rí pápá, á rí òógùn lọ́rùn agbábọ́ọ̀lù, á tún rí ajá tó ṣèèṣì sá wọ pápá.

Lọ́jọ́ kan, àìsàn kọ lù ú nínú ọpọlọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ọwọ́ rẹ̀ padà. Ohùn rẹ̀ padà, ó tiẹ̀ padà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìjánu nìkan ni kò padà. Ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá ti rí, ẹnu rẹ̀ á sọ ọ́ síta, lóhùn òkè, bí ẹni pé odindi ìlú ṣì ń gbọ́.

"Ìyàwó mi gbé ife. Ó gbé e sẹ́nu. Ó gbóná! Ó ti gbé e sílẹ̀! Ó ń wo yàrá bóyá ẹnìkan rí i!"

Kì í ṣe èébú. Kì í ṣe ìsọkúsọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ráyè, ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọrin, ní gbọ̀ngàn mìíràn nínú ìlú. Orin àkọ́kọ́ ò tíì parí tí agbàlejò ibẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó mọ́ tónítóní. Ó tẹ̀ ba. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, kì í ṣe èjìká ènìyàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta díẹ̀, kí ara lè tù yín."

Ẹ̀gbọ́n ní:

"ỌMỌBÌNRIN KAN TI DÉ. Ó Ń RẸ́RÌN-ÍN. Ó FẸ́ LÉ WA JÁDE."

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà mọ ẹ̀rín yẹn. Ó mọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn àga. Bí òun gan-an ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, láìkù síbì kan.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé, Ẹ̀gbọ́n sọ iná ojú pópó, ó sọ obìnrin tó ń ká aṣọ lórí okùn, ó sọ ìkùukùu. Kò sọ nǹkan kan nípa gbọ̀ngàn mọ́. Kò tún rí i, nítorí náà kò tún sọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ ló kù tó ń rí i.

4

*Yàrá Ọ̀gá. Àwọn tó wà níbẹ̀: Ọ̀gá tó ni àkóso gbọ̀ngàn, Òṣèré (ẹni tó ń ṣe Bàbá nínú eré), àti Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà.*

ÒṢÈRÉ: Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ eré yìí. Bàbá kan àti ọmọ ẹ̀ obìnrin ń gbé inú ilé kan, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibì kan wà tí àwa méjèèjì jókòó sídìí tábìlì tá ò fọhùn rárá. Ibẹ̀ gan-an ni eré wà. Bí ẹnìkan bá lanu níbẹ̀, ó ti bu omi pa iná tí mo dá.

ÀǸTÍ: Ẹ máa tún un dá.

ÒṢÈRÉ: Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ?

Ọ̀GÁ: Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀. Àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbà. Tó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?

ÀǸTÍ: Kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kí ẹ fún ẹlòmíì.

Ọ̀GÁ: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

ÀǸTÍ: Èmi ni mo sọ ọ́.

*(Ìdákẹ́jẹ́. Òṣèré nìkan ló gbádùn rẹ̀.)*

5

*Àtẹ̀jíṣẹ́. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Eyínfúnjowó lorúkọ tó sọ àbúrò ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn.*

— Eyínfúnjowó, mo rí ìkéde tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ṣeun. A ò ní lè wá.

— Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́.

— Ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a lọ sí báǹkì. Nọ́ńbà àṣírí tí ẹni iwájú wa ń tẹ̀, ó kà á síta látòkèdélẹ̀. Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ pariwo. Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù.

— Níbí, a ò ní fi í rẹ́rìn-ín.

— Ẹ̀yin. Àwọn yòókù ńkọ́?

*(Àǹtí kọ ọ̀rọ̀ kan. Ó pa á rẹ́.)*

*(Ó tún kọ òmíràn. Ó tún pa á rẹ́.)*

— Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà.

— Ó ti jókòó tì mí. Ó ń pariwo pé "ìyàwó mi ń tẹ fóònù, iwájú orí ẹ̀ ti ká." Ó dáa. À ń bọ̀.

6

Ara Àǹtí ò lélẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ń to àga tó ti tò.

7

Wọ́n dé.

Ìyá kan dé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tí kì í lè jókòó sójú kan. Ìyá náà ti ń bẹ̀bẹ̀ kó tó dé ilẹ̀kùn: "Ẹ má bínú o, ẹ má bínú, tó bá ti ń yọ yín lẹ́nu ẹ sọ fún mi." Àǹtí ní, "Kí la ó máa bínú sí? Ẹ wọlé, màmá. Ibi tó bá wù ú kó rìn dé, kó rìn dé ibẹ̀." Ìyá náà dúró, ó ń wò ó, bí ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ sí ní èdè tí kò gbọ́ rí.

Bàbá àgbàlagbà kan dé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin di apá rẹ̀ mú. Ìgbàgbé ti mú bàbá náà. "Níbo la wà yìí?" "Ibi eré ni, bàbá." "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó rìn síwájú díẹ̀. "Níbo la wà yìí?" Àwọn agbàlejò dá a lóhùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni pé ìbéèrè tuntun ni.

Màmá kan tí kò ríran dé pẹ̀lú ọ̀pá funfun. Òun ò wá nítorí Ọ̀sán Ìtura. Oníbàárà àtijọ́ ni. Iṣẹ́ tẹlifóònù ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló máa ń so ohùn ẹnìkan pọ̀ mọ́ tẹlòmíràn. Kò pàdánù eré kankan ní gbọ̀ngàn náà.

Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀ ló dé kẹ́yìn.

"ILẸ̀KÙN TI ṢÍ! ÀBÚRÒ MI LÓ ṢÍ I! Ó KUN ÈTÈ LÓNÌÍ!"

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó mú wọn lọ sí àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí wọ́n á ti rọ́nà jáde bí wọ́n bá fẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga wọn.

8

*Ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ibi méjì.*

ORÍ ÌTÀGÉ: Bàbá wọlé. Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀.

ÀGA Ẹ̀GBẸ́ Ọ̀NÀ: BÀBÁ TI WỌLÉ! Ó GBÉ ÀPÒ KALẸ̀. ÀPÒ NÁÀ WÚWO JU BÓ ṢE FẸ́ KÁ MỌ̀ LỌ.

ORÍ ÌTÀGÉ: Ọmọ ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

ÀGA Ẹ̀GBẸ́ Ọ̀NÀ: Ó KÍ I. KÒ WO OJÚ Ẹ̀. ÀWO LÓ Ń WÒ.

GBỌ̀NGÀN: Ẹ̀rín. Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Kò tíì burú.

ORÍ ÌTÀGÉ: Wọ́n jókòó sídìí tábìlì.

ORÍ ÌTÀGÉ:

ORÍ ÌTÀGÉ:

ÀGA Ẹ̀GBẸ́ Ọ̀NÀ: WỌ́N TI JÓKÒÓ. KÒ SẸ́NI TÓ FỌHÙN. BÀBÁ MÚ ṢÍBÍ, KÒ JẸUN. ỌWỌ́ ÒSÌ Ẹ̀ WÀ LÁBẸ́ TÁBÌLÌ, Ó Ń WÁ NǸKAN. Ó Ń WÁ A. KÒ RÍ I. ỌMỌ Ẹ̀ RÍ ỌWỌ́ NÁÀ! Ó RÍ I! Ó NA TIẸ̀ SÍWÁJÚ, Ó Ń LỌ, Ó Ń LỌ, Ó KÙ DÍẸ̀… ÁÀÀ! Ó TÀSÉ! IYỌ̀ LÓ MÚ!

GBỌ̀NGÀN: Ẹ̀rín bú jáde.

ORÍ ÌTÀGÉ: Òṣèré gbé ṣíbí sílẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú eré.

9

Ó dìde, ó rìn wá sí etí ìtàgé. Ojú rẹ̀ ò jọ ojú Bàbá mọ́. Ojú ara rẹ̀ ni.

"Ọ̀gbẹ́ni," ó ní.

"Ó ti dìde," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ó ń bọ̀ wá sí etí. Inú ń bí i. Èmi ló ń wò."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ibi tá a dé yìí, mo ní láti dákẹ́ níbẹ̀."

"Ó ní òun ní láti dákẹ́. Kò tíì dákẹ́."

Ẹ̀rín tún bú, eléyìí sì ń súnmọ́ ibi tó burú. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà rí báàgì náà láti ibi tó dúró sí. Ó mọ ohun tí báàgì orí itan ń wí. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìka agbàlejò kan ti dé àgbọ̀n, ó ń lọ sí ètè, ojú rẹ̀ bá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Àǹtí. Ìka sọ̀ kalẹ̀, ó wọ àpò lọ.

Àǹtí fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti lanu. Ó ti sọ fún gbogbo èèyàn pé kò sẹ́ni tá a ó pa lẹ́nu mọ́. Ṣé Òṣèré kì í ṣe èèyàn ni?

Ohùn kan wá láti iwájú, ohùn ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn tí kò rí sọ̀rọ̀ lórí wáyà.

"Ta ni ọkùnrin yẹn?"

Gbogbo orí yí síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró." Màmá ọ̀pá funfun ò dìde, ó kàn gbé orí sókè. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá síbí. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, mo máa ń jókòó bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀. Èèyàn á mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò mọ ohun tó rí. Òní ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn." Ó yí ojú sí ìtàgé, kò yí i síbi tó yẹ gan-an. "Ẹ̀yin òṣèré, ṣé lóòótọ́ ni ọwọ́ yín ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì?"

Òṣèré wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Ó padà lọ jókòó. Ó mú ṣíbí.

"Ó ti padà," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó wà lórí pápá nígbà tí wọ́n fẹ́ gba bọ́ọ̀lù kan tó le. "Ó mú ṣíbí. Ó tún ń wá a."

10

*Yàrá ìmúra, lẹ́yìn eré. Òṣèré àti obìnrin tó ń nu àtíkè lójú rẹ̀.*

— Ẹ gbé àgbọ̀n sókè.

— Mi ò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

— Ṣe kí ni?

— Ọwọ́ mi. Mo rò pé mo kàn jókòó ni. Mo rò pé mi ò ṣe nǹkan kan.

— Ẹ má mi orí.

— Bàbá tó bí mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

— Ẹ má mi orí, mo ní.

11

*Ìwé pélébé tí àwọn òǹwòran jù sínú àpótí ẹnu ọ̀nà:*

Ọmọ mi yípo gbọ̀ngàn látìgbà tí eré bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí. Kò sẹ́ni tó wò mí wò mí. Mo wo eré. Ó pẹ́ tí mo ti wo nǹkan parí.

Iná pọ̀ jù. Èmi fẹ́ràn òkùnkùn.

Bàbá mi ò rántí pé a wá. Àmọ́ ó ń kọrin nílé, a ò mọ ibi tó ti rí orin.

Ọkùnrin yẹn, ṣé ara eré ni? Ẹ tún mú un wá!

12

Ẹnìkan ti gbé fóònù sókè lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọwọ́ mú iyọ̀.

13

*Ìwé ìpolówó tó jáde láti yàrá Ọ̀gá. Wọn ò fi han Àǹtí kó tó jáde; lára ògiri ló ti bá a.*

> Ọ̀SÁN ÌTURA TÚN DÉ!
> ẸNU KÒ SINMI YÓÒ WÀ NÍBẸ̀!
> Ẹ ti rí i nínú fídíò. Ẹ wá rí i lójúkojú!
> Ẹ mú fóònù yín dání.

14

Ọ̀GÁ: Tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. Ó tán pátápátá! Inú yín ò dùn?

ÀǸTÍ: Àwọn wo ló rà á?

Ọ̀GÁ: Èèyàn ni. Àwọn èèyàn ló rà á.

ÀǸTÍ: Ìyá tí ọmọ ẹ̀ ń rìn kiri pè mí láàárọ̀. Kò rí tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ bàbá onígbàgbé pè. Kò rí. Màmá tí kò ríran, tí kì í pa eré kankan jẹ, kò rí.

Ọ̀GÁ: Ìyẹn dùn mí. Lóòótọ́, ó dùn mí. Àmọ́ ẹ tún wo apá tèmi. Gbọ̀ngàn yìí ń kú lọ. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wo ojú ẹni tó wá. Èmi ni mò ń wo àga àwọn tí kò wá.

ÀǸTÍ: Mo ní ká gbà á lálejò. Mi ò ní ká sọ ọ́ di ìran àpéwò.

Ọ̀GÁ: Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì? Kì í ṣe ìjà o. Mò ń bi yín ni.

*(Ìdáhùn náà wà nínú Àǹtí níbì kan, kò rọ́nà jáde.)*

15

Ó lọ sílé Ẹ̀gbọ́n.

"Àbúrò mi ti dé. Ó bọ́ bàtà. Ó gbàgbé láti bọ́ ìkejì! Ó ti rántí. Ìwé kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ká a kó má bàa hàn."

Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi nǹkan pamọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì.

"Ẹnu Kò Sinmi," ni Ẹ̀gbọ́n kà. "Èmi nìyẹn. Wọ́n kọ mí gàdàgbà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ń bọ̀ yìí, eré kọ́ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Ó yé yín?"

"Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀. Omi wà lójú ẹ̀, kò tíì jábọ́."

"Mò ń bi yín ni. Báwo ló ṣe rí lára yín?"

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò jáde. Ohun tó wà níwájú ojú nìkan ni ẹnu yẹn mọ̀ ọ́n sọ. Kò sí ojú tó ń wo inú. Ó dìde, ó rọra lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù tó ní dígí, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ọkùnrin kan wà níbí," ó ní. "Ó ti darúgbó. Ó ti fá irùngbọ̀n. Kò jọ ẹni tínú ẹ̀ bàjẹ́." Ó súnmọ́ dígí sí i. "Kò jọ ẹni tínú ẹ̀ dùn. Ó ń wá nǹkan láti sọ."

Ìyàwó rẹ̀ yọ láti yàrá kejì, aṣọ tó ń ká wà lápá rẹ̀.

"Eyínfúnjowó, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló ti ń fá irùngbọ̀n fúnra ẹ̀. Mi ò sọ fún un. Ó ń fá a, ó sì ń sọ bó ṣe ń fá a bí ẹni pé ìdíje ni. Mo máa ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ." Ó gbé aṣọ sílẹ̀. "Àmọ́ bí wọ́n bá fi ẹ̀rín bà á jẹ́, ẹ̀yin ẹ́ ti ilẹ̀kùn yín, ẹ́ máa lọ. Èmi ni mo máa mú un wálé."

"Ṣé kí ẹ má wá ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ọkùnrin yẹn mú fìlà," ni Ẹ̀gbọ́n wí nínú dígí. "Ó dé e. Ó wọ́. Ó tún un dé."

16

*Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ tó ń rìn, sí ọmọ bàbá onígbàgbé, àti sí màmá ọ̀pá funfun (ohùn ni tirẹ̀):*

Ẹ máa bọ̀. Mi ò ní tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Mi ò ní àga. Ẹ ṣáà máa bọ̀.

17

Gbọ̀ngàn kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn agbàlejò ń kí wọn káàbọ̀, àwọn náà ń dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọmọlúàbí èèyàn ni wọ́n. Kò sí ọ̀dájú kankan láàárín wọn. Wọ́n kàn gbé fóònù dání ni, bí ẹni gbé àwo lọ síbi oúnjẹ.

Níta, lórí àtẹ̀gùn, àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì dúró. Ọmọbìnrin náà ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀. "Níbo la wà yìí?" ni bàbá onígbàgbé ń bi wọ́n. Ọ̀gá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ fi ẹnìkan kún àwọn tó wà nínú, nítorí ewu iná. Àǹtí tilẹ̀kùn, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin tí wọ́n fi ń ṣí i.

Ẹ̀gbọ́n wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Fìlà wà lórí rẹ̀. Bó ṣe jókòó, gbogbo fóònù dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Eré bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọlé. Ó gbé àpò kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan.

Ọmọ kí Bàbá. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Ìdákẹ́jẹ́ dé, ìdákẹ́jẹ́ gidi, irú èyí tí Òṣèré ti ń tọrọ. Òṣèré mú ṣíbí. Ó ń dúró. Gbogbo gbọ̀ngàn ń dúró.

"Sọ̀rọ̀ o!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn, tàwàdà-tàwàdà.

"Sọ̀rọ̀! Sọ̀rọ̀!"

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́ sí i. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì. Òṣèré dìde, ó fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́, ó wo Àǹtí lọ́nà jíjìn, ó bá dúró síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dìde.

Ó kọ ẹ̀yìn sí ìtàgé. Ó yíjú sí wọn.

18

"ỌKÙNRIN KAN WỌ AṢỌ PUPA. Ó GBÉ FÓÒNÙ SÓKÈ. Ó Ń RẸ́RÌN-ÍN. Ó Ń RẸ́RÌN-ÍN SÍBẸ̀. Ẹ̀RÍN NÁÀ Ń LỌ. Ó TI LỌ.

"OBÌNRIN KAN WÀ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ Ẹ̀. WỌ́N JỌ WÁ. WỌN Ò FARA KAN ARA WỌN. ÒRÙKA WÀ LỌ́WỌ́ Ẹ̀, Ó Ń YÍ I, Ó Ń YÍ I.

"ỌMỌKÙNRIN KAN FI ỌWỌ́ BO ẸNU. KÒ FẸ́ KÍ N RÍ EYÍN Ẹ̀. EYÍN NÁÀ DÁA.

"FÓÒNÙ KAN TI WÁLẸ̀. ÒMÍRÀN TI WÁLẸ̀. Ẹ WÒ WỌ́N, WỌ́N Ń WÁLẸ̀!

"BÀBÁ KAN Ń SUNKÚN NÍ ÌLÀ Ẹ̀YÌN, KÒ SẸ́NI TÓ MỌ̀. MO TI SỌ Ọ́. WỌ́N TI MỌ̀. ẸNI Ẹ̀GBẸ́ Ẹ̀ YÍJÚ SÍ I."

Kì í ṣe ohùn ìbínú. Ohùn tó máa ń lò nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà láàárín pápá ni, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ibi tó máa gbà. Òṣèré ti jókòó sí etí ìtàgé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì nísàlẹ̀. Ó ń wòran.

Àwọn kan dìde. Ọkùnrin aláṣọ pupa wà lára wọn, ó tẹ orí ba, ó ń bọ̀ wá síbi ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n lé. Obìnrin olórùka tẹ̀ lé e, ó dúró, ó wẹ̀yìn. Àga wọn ti ṣófo. Láti ìta, ọ̀pá kan ń kan ilẹ̀kùn, kò kàn án líle. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà wo ọkùnrin tó ń bọ̀. Àlejò rẹ̀ ni òun náà. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn fún un báyìí, ó ti lé e jáde. Bí kò bá ṣí i, àwọn tó pè ṣì wà lórí àtẹ̀gùn.

"OBÌNRIN KAN WÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. "ỌWỌ́ Ẹ̀ WÀ LÁRA IRIN. ÀWỌN KAN Ń BỌ̀ LỌ́DỌ̀ Ẹ̀ LÁTI INÚ. ÀWỌN KAN Ń KAN ILẸ̀KÙN LÁTI ÌTA. ÀBÚRÒ MI NI. Ó LA ẸNU. Ó FẸ́ BÁ ỌKÙNRIN ALÁṢỌ PUPA SỌ̀RỌ̀. Ó GBÉ ỌWỌ́ KAN SÓKÈ. Ọ̀KAN ṢÌ WÀ LÁRA ILẸ̀KÙN. Ó TI, RÁRÁ, KÒ TÍÌ. Ó…"